Ẹ̀rọ Àtijọ́ Nínú Ọkọ̀ Àlòkù: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀ Ni, Tàbí Kí A Tún Un Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Èjìgbò)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́ àkòrí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Tíṣà, níbo ni Èjìgbò ti pàdé òkun?" Òótọ́ ni ó sọ. Àgbẹ̀ ni àwọn bàbá wa. Iṣu àti àgbàdo ni ilẹ̀ wa ń so, iyán ni a sì mọ̀ mọ́ òrìṣà ìlú wa. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a tó rí agbo ilé kan, ìbáà ṣe ní Òkè Màpó tàbí ní Ìsàlẹ̀ Òṣòlò, tí kò ní ọmọ ní Abidjan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire láti tajà, títí tí èdè Faransé fi di èdè tí a ń gbọ́ ní ọjà wa níhìn-ín. Etí omi sì ni Abidjan wà. Ní ọdún 1950 ni a ṣí odò gbígbẹ́ Vridi tí ó so ọ̀sà Ébrié pọ̀ mọ́ òkun, láti ìgbà náà ni èbúté ibẹ̀ sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, bí Èjìgbò kò tilẹ̀ pàdé òkun, ọmọ Èjìgbò ti pàdé rẹ̀, owó Èjìgbò sì ti wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ti lo nǹkan bí ogún ọdún ní Abidjan, pa owó pọ̀ pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìlú wa. Èkejì jẹ́ Fàǹtí láti ilẹ̀ Gánà, tí a bí sí ìdí iṣẹ́ ẹja. Wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí a fi fáíbà ṣe, kì í ṣe ọkọ̀ igi bí ti ọ̀pọ̀ àwọn apẹja ibẹ̀. Ẹ̀rọ awáẹja méjì ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀, èkejì lẹ́yìn, níbi tí a ti ń da àwọ̀n. Méjèèjì ni ó ti gbó. Èyí tí ó wà lẹ́yìn ń tàn lónìí, kò ní tàn lọ́la. Èyí tí ó wà níwájú ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde ní ẹnu Vridi, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi ṣófo, tí nọ́ńbà tí ń sọ bí omi ti jìn tó yóò sì máa ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

Àwọn mẹ́ta náà pinnu pé kí a kó ẹ̀rọ méjèèjì dànù, kí a ra tuntun méjì. Owó wọn kò tó. Ọmọ náà sì ránṣẹ́ sílé pé kí a yá òun nínú owó àjọ ẹbí, owó tí a ti ń dá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láti fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ méjì kan tí bàbá wọn ti kú, kí a sì fi ìyókù pààrọ̀ páànù orí ilé ńlá.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí ìpàdé ẹbí ti máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, ní ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ sóko gbọ́dọ̀ fún un ní ọkọ́ tí ó mú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé dìde, ó ní, "Owó ilé-ìwé ọmọ aláìníbaba ni ẹ fẹ́ kó sínú òkun yẹn." Ohùn ga. Nígbẹ̀yìn wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní nígbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo kàwé, kí n dá ẹjọ́ náà. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí ohun kan ti ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ fún yín ní ṣókí. Ẹni tí ó bá kígbe síhà àpáta mọ̀ pé àpáta yóò dá a lóhùn. Gbohùngbohùn ni a ń pè é. Ẹ̀rọ awáẹja kò ṣe ju èyí lọ. Ó ní ẹ̀yà kan ní ìdí ọkọ̀, tí ó jẹ́ ẹnu tí ó sì tún jẹ́ etí fún un. Ẹ̀yà yìí ń ké sísàlẹ̀, ó sì ń dúró de èsì. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin ìwọ̀n mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi òkun, ó ń rin ìwọ̀n mítà 1,500. Bí igbe náà bá lọ tí ó sì padà láàrin ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó ti rin mítà 150 ní àlọ àti àbọ̀. Omi ibẹ̀ jìn ní mítà 75 nìyẹn. Ní ti ẹja, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àpò afẹ́fẹ́ kékeré nínú ikùn tí ó ń mú kí wọ́n léfòó. Àpò yìí ni ohùn ń bà tí ó fi ń padà, òun ni ó sì ń yọ bí àmì lójú ẹ̀rọ.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ẹ̀rọ tó wà, àwọn apẹja kan ní etíkun Gánà a máa ti àjẹ̀ bọ omi, wọn a sì fi etí lé e láti gbọ́ ariwo ẹja nísàlẹ̀. Ní ọdún 1912, nígbà tí ọkọ̀ Titanic kọlu òkè yìnyín tí ènìyàn tí ó lé ní 1,500 sì kú, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Alexander Behm, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí gbohùngbohùn yóò fi máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ní 1913 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń wọn ìjìnlẹ̀ òkun. Ní 1948 sì ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ń jẹ́ Furuno, ní Nagasaki ní ilẹ̀ Jàpáànì, gbé ẹ̀rọ awáẹja jáde fún títà fún àwọn apẹja. Ẹ kíyèsí i pé ààbò ẹ̀mí ni a kọ́kọ́ ń wá, kí a tó wá ẹja. N óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ohùn méjì, 50 kilohertz àti 200 kilohertz. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n wé ìlù. Ohùn 50 dà bí ìlù ńlá tí a ń gbọ́ láti ìlú kejì: ó ń rìn jìnnà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ya ẹja kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì dáadáa. Ohùn 200 dà bí omele: ó mú, ó sì ń fi ohun kéékèèké hàn, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà.

Nígbà tí mo mọ èyí, mo kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Èkíní, ṣé bátìrì ń gbé agbára tó, àti pé ṣé ẹ̀rọ ẹ̀yìn máa ń kú nígbà tí ẹ bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì? Èkejì, báwo ni orí àwọn wáyà ti rí? Ẹ̀kẹta, nígbà wo ni ẹnikẹ́ni ti wo ẹnu ẹ̀rọ náà ní ìdí ọkọ̀? Ẹ̀kẹrin, ohùn wo ni ẹ̀rọ iwájú ń lò?

Láàrin ọjọ́ mélòó kan èsì dé pẹ̀lú àwòrán. Orí wáyà bátìrì ti dógùn-ún, àwọ̀ ewé sì ti bò ó. Ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìn ti di ilé fún ìkarahun wẹ́wẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹni tí a fi aṣọ dí lẹ́nu. Ẹ̀rọ iwájú ńkọ́? Ẹni tí ó tà á fún wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sà Ébrié, níbi tí omi kò jìn ju mítà mélòó kan lọ ní ibi púpọ̀, ohùn 200 nìkan ni ó sì fi í sí. Ṣùgbọ́n ní iwájú Vridi gan-an ni ọ̀gbun ńlá kan wà nínú òkun, tí àwọn Faransé ń pè ní Trou sans Fond, èyíinì ni ihò aláìnísàlẹ̀. Níbòmíràn ní etíkun yẹn, ilẹ̀ òkun ń rọra lọ sísàlẹ̀ fún nǹkan bí ogún kìlómítà. Níhìn-ín, ọ̀gbun náà bẹ̀rẹ̀ nítòsí etíkun, ó sì jìn lọ títí dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Omele kò lè dún dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́; òkun ni ó jìn.

Wọ́n nu orí wáyà, wọ́n sì pààrọ̀ èyí tí ó ti jẹ. Wọ́n fi igi pẹlẹbẹ họ ìkarahun kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì yí ẹ̀rọ iwájú sí ohùn 50. Owó tí wọ́n ná kò tó iye tí wọn ìbá fi ra epo ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ méjèèjì tàn, ilẹ̀ òkun sì yọ lójú wọn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn, mo sì gbéraga díẹ̀. Mo kọ lẹ́tà gígùn pé ọ̀ràn ti parí, pé àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní fẹ́ràn ohun tuntun jù, àti pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ka lẹ́tà náà sí etígbọ̀ọ́ ẹbí, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọmọ náà pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀rọ ti ń fi ẹja hàn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja nìkan ni à ń wá lórí omi, Bàbá. Ọ̀nà ilé ni à ń wá pẹ̀lú."

Nígbà náà ni ó tó sọ ohun tí ó ti fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀ kí ó má bàa já a láyà. Ní òru ọjọ́ kan ní àkókò ọyẹ́, kùrukùru bo ojú òkun tí wọn kò rí iná etíkun mọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń wọlé, wọ́n ń jáde ní ẹnu odò gbígbẹ́ náà, òkúta sì wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè sọ bí omi abẹ́ wọn ti jìn tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí wọ́n wà. Fàǹtí ni ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n máa fetí sí ìró ìgbì, kí ẹnikẹ́ni má gbéra. Wọ́n jókòó nínú òkùnkùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún láàrin àwọn obìnrin tí ń ra ẹja.

Ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo bi í, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nípa ẹ̀rọ. N kò béèrè ẹyọ kan nípa àwọn tí ń bẹ nínú ọkọ̀. Mo ti fi hàn pé ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí a dá a fún, ṣùgbọ́n n kò béèrè bóyá iṣẹ́ náà tó fún ọkọ̀ tí ó ti kúrò nínú ọ̀sà tí ó sì bọ́ sí agbami. Ẹ̀rọ tuntun ń gbọ́ràn láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run. Ètò ti Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní GPS, pé tán ní ọdún 1995. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba wọn sì yọ ìdènà tí kò jẹ́ kí ó tọ́ dáadáa fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè fi ẹja, ìjìnlẹ̀ omi àti ọ̀nà ilé hàn lójú kan náà. Ẹnìkan nínú ẹbí béèrè pé ṣé fóònù kò lè ṣe é? Ó lè ṣe é bí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n fóònù kì í sọ bí omi ti jìn tó, omi iyọ̀ a sì tètè pa á.

Nítorí náà ni mo tún ìpàdé pè, mo sì jẹ́wọ́ pé mo ti yára dájọ́. A jókòó, a sì fi ẹ̀sọ̀ yanjú rẹ̀ báyìí.

Èkíní, kí a tó ra ẹ̀rọ kankan, kí olúkúlùkù nínú ọkọ̀ ní ẹ̀wù amúniléfòó, kí bátìrì kejì sì wà.

Èkejì, ẹ̀rọ tuntun kan ni kí wọ́n rà, kì í ṣe méjì, kí wọ́n gbé e síwájú ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀. Kí ẹ̀rọ ẹ̀yìn tí a ti tún ṣe wà síbẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí tuntun bá kọṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n bi ẹni tí ń tà á bóyá ẹnu ẹ̀rọ àtijọ́ bá a mu. Nítorí pé ẹlòmíràn a ra ojú tuntun, a dé ilé, a sì rí i pé kò bá etí àtijọ́ sọ èdè kan náà. Bí ó bá di dandan láti pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n dúró di ìgbà tí a óò fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀ láti kùn ún, kí a má bàa san owó ìfàsókè nígbà méjì. Ohùn tilẹ̀ lè gba inú fáíbà tí kò ní fóòmù láàrin kọjá, tí a kò fi ní dá ihò sí ìdí ọkọ̀ rárá. Kò lè gba inú igi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, a kò ní fọwọ́ kan owó ilé-ìwé. Inú owó páànù ni a ti yá wọn ní ìdajì, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n wá ìdajì kejì fúnra wọn. Orí ilé ńlá ṣì ń jò díẹ̀, ẹ ó rí i bí ẹ bá kọjá. Ṣùgbọ́n òjò tí ń kán sí yàrá kò tó omi tí ń gbé ènìyàn lọ.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ó ti ìdí rẹ̀ yọ. Ẹja tí wọ́n ń pa kò di ìlọ́po méjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín. Epo tí wọ́n ń sun dínkù, nítorí pé wọ́n lè padà tààrà sí ibi tí wọ́n ti rí ẹja tẹ́lẹ̀. Gbèsè sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ìyàwó ọmọ náà ń sùn lóru.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ẹ̀rọ ń wá ẹja, kì í bí ẹja. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà, tí ẹja sì máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọkọ̀ bá ní ojú tí ń ríran dé ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó ní òfin, ibo ni ẹja yóò sá sí? Ìdí nìyí tí ìjọba Gánà, ní ọdún 2019, fi pàṣẹ kí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ igi pàápàá sinmi fún oṣù kan kí ẹja lè rí àyè pamọ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó sí iṣẹ́ yìí máa pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn?

Wàyí o, èéṣe tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan wá síwájú gbogbo ìlú? Nítorí pé irú ẹjọ́ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ wa ń dá lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ kànga kọṣẹ́, a ní kí àwọn ti Abidjan ra tuntun. Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kò tàn, a tì í sí kọ̀rọ̀. Láti Èjìgbò títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dán, bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, a óò rí ẹ̀rọ tí wáyà lásán ni ó pa á. Ní ìdàkejì, àwọn mìíràn nínú wa, irú èmi, a máa fi orúkọ ìṣọ́wóná bo ahun mọ́lẹ̀, títí ewu yóò fi dé.

Mo wá bẹ̀ yín, kí a tó dá owó fún ohunkóhun, kí a bi ara wa ní ìbéèrè márùn-ún. Ṣé ó bàjẹ́ nítòótọ́, tàbí a kò tọ́jú rẹ̀ ni? Iṣẹ́ tí a rà á fún, ṣé òun náà ni a ṣì ń ṣe, tàbí a ti bọ́ sí omi tí ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ewu wo ni ó wà fún ẹ̀mí bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀? Owó ta ni a fẹ́ ná, kí sì ni owó náà ìbá ṣe bí a kò bá ná an síbí? Paríparí rẹ̀, ṣé a ti bi ẹni tí ń lò ó lójoojúmọ́, tàbí àwa tí a jókòó sílé nìkan ni a ń dájọ́?

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ní Èjìgbò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀ láti kọ́ nípa ẹja àti omi, kí àwọn mìíràn sì kọ́ iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ, kí ìlú yìí má bàa tún máa gbé ẹjọ́ irú èyí wá fún olùkọ́ tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ kan òkun rí.

Àwọn bàbá wa tí òfin lé kúrò ní Gánà ní ọdún 1969 padà wálé pẹ̀lú ohun tí orí wọn lè rù. Wọ́n kọ́ wa pé ohun ìní lè lọ kí ènìyàn sì tún un ní, bí ẹ̀mí bá wà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi, kí gbogbo ẹni tí ó jáde ní Èjìgbò rí ọ̀nà padà wálé.